Lẹ́tà Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Tí Kò Wọ Inú Àpótí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìka yí ìtàn yìí kọjá. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí mọ́.

1.
Lọ́dún tó kọjá, paramọ́lẹ̀ bu Àwáwù, ìyàwó Sódìq, jẹ nínú oko iṣu ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọ́n sáré gbé e wá bá Nọ́ọ̀sì Gbémisọ́lá. Nọ́ọ̀sì kò ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, ṣùgbọ́n ó ní fóònù. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ kan ní ojú-ewé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ilé ìwòsàn tí abẹ́rẹ́ náà wà lójoojúmọ́ sí. Nọ́ọ̀sì ṣí i. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti yọ: Ìsẹ́yìn.

“Ẹ má yà sí Ṣakí o! Ìsẹ́yìn tààrà!”

Àwáwù yè. Súbúhánálláhì! Ẹni tó dúró ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ń rí inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní Ìsẹ́yìn! Ọlọ́hun ló dá afẹ́fẹ́, kò sì gba owó ibodè lọ́wọ́ ohùn kankan tó ń gba inú rẹ̀ kọjá.

2.
Ọmọ èèyàn ló fẹ́ gbà á. Àbádòfin kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: kí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè la ọ̀nà gbòòrò fún ojú-ewé tó bá sanwó fún wọn, kí wọ́n sì fún ọ̀nà ẹni tí kò san pa. Níbo ni àwọn dókítà yẹn ti fẹ́ rówó?

Nọ́ọ̀sì ní kí ìlú kọ̀wé sí Ọnọrébù Ògúndìran tó ń ṣojú wọn. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé Ládòkun lọ́wọ́, Baba Mujeebat, àgbà àgbẹ̀ tó ń lọ sí Ṣakí, níbi tí ọ́fíìsì Ọnọrébù wà. Àmáánà ni, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, tí Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè rẹ̀.

3.
Ní ọ́fíìsì Ọnọrébù, omidan akọ̀wé kò tilẹ̀ dìde.

“Ẹ káàbọ̀, Baba. Ẹ jù ú sínú àpótí yẹn.”

“Àpótí?” Ládòkun wò ó bí ẹni wo ààtàn. “Èmi tí mo gbé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀? Àpótí ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú fún?”

“Baba, ohun tó bá wà nínú ẹ̀ ni wọ́n máa ń kà.”

“Ẹnu ni àgbà fi ń jíṣẹ́. Tó bá wálé Iléyá, á dọ̀bálẹ̀, màá sì sọ fún un.”

Ó kó lẹ́tà padà, ó fi wọ́n há òrùlé abà. Nígbà tí wọ́n bi í nílé, ó ní, “Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ mi.” Kò purọ́. Ẹ wo bí ìgbéraga ṣe gbọ́n tó!

4.
Iléyá dé. Ọnọrébù wálé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ládòkun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Ọnọrébù ká ọwọ́ lérí.

“Ha, Baba mi! A ti dìbò lé e láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí àpótí yẹn. Àwọn iléeṣẹ́ kọ̀wé, ìlú mi ò kọ ẹyọ kan. Mo ní ẹ fara mọ́ ọn ni. Èmi náà bá wọn nawọ́.”

“Ìbò mélòó ni wọ́n fi borí?”

“Ọ̀kan, Baba.”

Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀kan! Ìbò tirẹ̀ gan-an ni!

5.
Òfin múlẹ̀. Ọjọ́ kan tí Ládòkun ń wa iṣu, paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣí ojú-ewé náà. Ìpolówó tẹ́tẹ́ yọ kedere, pẹ̀lú orin. Ojú-ewé dókítà ń yí, ó ń yí. Nọ́ọ̀sì pe gbogbo nọ́ńbà tó ní, wọn ò gbé e.

“Ṣakí ló súnmọ́,” ni Mujeebat ọmọ rẹ̀ fi igbe sọ. “Ẹ jẹ́ ká lọ!”

Wọ́n dé Ṣakí, abẹ́rẹ́ ti tán. Wọ́n yí mọ́tò sí Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń wọ ìlú ni ojú-ewé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́wọ́ Mujeebat. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Ìsẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ ti dúdú. Orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Nígbà tó lajú, ó ní, “Mujeebat, lọ wo òrùlé abà.” Ẹkún ló gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà.

6.
Ní báyìí, àtúnṣe òfin náà ti wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ládòkun fi ọ̀pá dé Ṣakí. Omidan ọjọ́sí sáré dìde kó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Jókòó, ọmọ mi. Èmi ni màá jù ú sí i.”

Ó tẹ̀ba síwájú àpótí náà, ó ń jù wọ́n sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tí ikán ti jẹ létí, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹ̀kẹrìnlélọ́gọ́ta, tirẹ̀ ni.

Ìwọ tó ń kà á, mo kìlọ̀ fún ọ: mọ orúkọ aṣòfin rẹ. Kọ̀wé sí i, pè é, tẹ̀ka bí o kò bá mọ̀wé. Sọ fún un pé kí ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì dọ́gba fún olówó àti tálákà. Má dúró de Iléyá, má dúró de Kérésì, má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú àpótí. Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí àmáánà má bàa kú sí ọ lọ́wọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.