Kóòtù Pupa Màmá

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni àkísà yìí ń ṣe lára ògiri?" Kerttu pariwo láàárín àwọn tó wá wo iṣẹ́ ọnà ní ìlú Turku.

"Fọwọ́ kàn án wò!" ni ahunṣọ tó ni iṣẹ́ náà fi kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Kerttu ká etí aṣọ náà kúrò lára ògiri, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ló bá rí kóòtù pupa Màmá, tí òun ti ń wá láti ọjọ́ ìsìnkú Màmá: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gé e wẹ́wẹ́, ó hun ún mọ́ apá tó kọjú sógiri.

"Olè ni ọ́!"

"Nígbà tí Màmá ń pe orúkọ rẹ, níbo lo wà?"

Kerttu já aṣọ lulẹ̀, ó kọjú apá pupa sí ara rẹ̀, ó fi bora bí àwọn apẹja àtijọ́ ṣe máa ń fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bora nígbà òtútù, ó sì jáde sínú yìnyín níta.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan bọ ahunṣọ lọ́wọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ tún máa ṣe eré yìí lọ́la?"