Ìró Èjí

Fẹ́hìntọ́lá pe ìró náà sínú ẹ̀rọ, iná pupa sì tàn lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Akọ̀wé ìjọba ní, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Tí ìró yìí kò bá ti ẹnu ènìyàn méjì jáde lónìí, a ó yọ èdè Ùdánì kúrò nínú ìwé. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kò ní dá àwọn arúgbó yín lóhùn mọ́."

Ìyá àgbà ti pe tirẹ̀, iná aláwọ̀ ewé sì ti tàn fún un. Ìró náà máa ń fẹ́ yẹ́ẹ́ gba àárín eyín iwájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa èjí fún àwọn ọmọbìnrin Ùdánì láyé àtijọ́. Fẹ́hìntọ́lá ni wọ́n pa á fún gbẹ̀yìn.

Ìyá àgbà gbá a lágbọ̀n mú. "Lanu kí n wò ó. Ta ló dí èjí rẹ?"

"Ẹ má bínú, ìyá àgbà. Ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ mi ní Àkúrẹ́ kì í dá ohùn mi mọ̀ nítorí èjí náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ títí, kì í ṣí. Ni mo bá ní kí dókítà eyín bá mi dí i."

Ìyá àgbà tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa èjí jáde, ó sì yíjú sí akọ̀wé.

"Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Fẹ́hìntọ́lá rántí ilẹ̀kùn tó ń dúró dè é lọ́la. Ó di àga mú, ó sì lanu.