Ẹ̀rọ Kọfí Mọ̀ràdéún

Ẹ fìdí balẹ̀, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú Dáúdà púlọ́ńbà rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Mọ̀ràdéún pè é wá tún ẹ̀rọ kọfí tó ń jò ṣe. Dáúdà wé téèpù mọ́ ẹnu páìpù, ó fi sípánà dè é. Ni ọkọ Mọ̀ràdéún bá figbe ta ní yàrá pé wọ́n ń fún òun lọ́rùn. Dáúdà tú u díẹ̀, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

Mọ̀ràdéún rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ó ṣì ń jò. Ẹ dè é, àbí ẹ ò jẹun?"

Ó di ọwọ́ Dáúdà mú, ó sì yí sípánà. Omi ò kán mọ́. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ jókòó, kí ẹ mu kọfí ọkọ mi."

Ẹnu Dáúdà ni bàbá mi ti gbọ́ ọ.