Kéèkì Ẹni Tó Jábọ́

"Ta ló tún jábọ́?"

Olùkọ́ ìgẹṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú igbó dé ni, ó sì na pàṣán rẹ̀ sí kéèkì ápù tó wà lórí tábìlì. Ní Saumur, ìlú àwọn agẹṣin nílẹ̀ Faransé, ẹni tó bá jábọ́ lórí ẹṣin ló ń ra kéèkì, òun náà ló sì ń gé e fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ó wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀ọ́dúnrún ọdún làwọn baba wa fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó lórí ẹṣin. Ẹ wá wo ẹ̀yin. Àpò ọ̀dùnkún mọ̀ ọ́n jókòó jù yín lọ. Kéèkì yín ni mò ń jẹ látọjọ́ yìí. Ta ló jẹ tèmi rí?"

"Kò sí, ọ̀gá," ni Màdáàmù Bertille wí, ìyá àgbà tó ti ra kéèkì jù nínú wọn. "Ẹsẹ̀ lẹ fi rìn dé?"

"Mo kàn fẹ́ nasẹ̀ ni."

Ìyá náà rọra gbọn iyanrìn kúrò lẹ́yìn ẹ̀wù dúdú olùkọ́ náà.

"Ẹṣin yín ti dé tipẹ́. Gàárì òfìfo ló gbé wálé, la bá tètè bá yín ra kéèkì." Ó fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. "Ẹ gé tèmi kó tóbi díẹ̀, ọ̀gá."