Omi Orí Bùsàrí

Rọ̀kíbátù kọ́kọ́ jẹ́ kó yé dókítà pé òun ò mọ nǹkan kan o, ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ lásán ni òun; lẹ́yìn náà ló wá ń da ìbéèrè bo ọmọ ọlọ́mọ bí lọ́yà.

Omi ló kún inú ọpọlọ ọkọ rẹ̀, Bùsàrí. Ẹsẹ̀ baba náà ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó tẹ àtè, ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀, kò sì rántí àná. Dókítà Jọláolúwa, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú, ní àwọn yóò ki rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ lórí, yóò gba abẹ́ awọ ọrùn, kí omi náà lè máa dà sí ikùn.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ á padà sípò?"

"A nírètí bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Iyè rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà lè padà."

"Gbogbo ẹ̀? Títí kan ti èṣín?"

"Ó ṣeé ṣe."

Rọ̀kíbátù sún jókòó. "Ṣé ẹ ò lè ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Hanifah, ẹ̀gbọ́n Bùsàrí, ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre, ìfẹ́ ló ń pa ìyàwó mi."

Gbogbo àdúgbò ló kúkú mọ ìfẹ́ náà. Oṣù márùn-ún ni Rọ̀kíbátù ti wà lọ́dọ̀ Waliyah ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Agric ní Ìkòròdú, tó ń bá a tọ́jú ìkókó. Ọjọ́ tó gbọ́ pé iyè ọkọ ń rá ló dẹrù, kò tilẹ̀ dúró jẹun. Bùsàrí bi í pé níbo ló lọ. "Ọjà ni," ló wí, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń fọ aṣọ ìtọ̀, tó ń yọ egungun ẹja fún un. Òun ni àwọn ìyakọ fi ń bú ìyàwó ọmọ wọn.

Nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó fọwọ́ síwèé, ó ti bírò sọ́dọ̀ Hanifah. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jọ jáde nínú ìyá kan."

"Ẹ ò rí ọmọlúàbí!" Omi bọ́ lójú Hanifah.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Rọ̀kíbátù gbàdúrà sókè pé kí Ọlọ́hun má jẹ́ kó kú. Ìyókù àdúrà náà, abẹ́ ahọ́n ló ti ṣe é.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Bùsàrí dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé. Ó ní Jímọ̀ ni òní. Ó ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìfo ẹnì kan. Hanifah ń pariwo "Àlàmùdúlílàì!" títí nọ́ọ̀sì fi yọjú. Lẹ́yìn náà ni Bùsàrí wá kọjú sí obìnrin tó gbé ògì dání, ó wò ó pẹ́.

"Rọ̀kí, ìwọ tí mo kọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àìsàn yìí tó dé, ta ló ní kó o padà wálé?"