Èènì Tí Alága Fòfin Dè

Aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì ṣú, ẹrẹ̀ sì kún gbogbo ẹsẹ̀ òkè Màpó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn, ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

1.
Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tírélà ìrẹsì méjì wọ Ọjà'ba. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ìjọba ti ṣí bódà, ìrẹsì òkèèrè ti ń wọlé. Inú àwọn alábàárù dùn, inú àwọn oníbàárà dùn. Nígbà tí bódà wà ní títì, kòńgò ìrẹsì wọ́n débi pé ìdajì kòńgò ni ẹlòmíì ń rà.

Muhydeen ni alága àwọn onírẹsì. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá yá, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí tírélà méjì yẹn, ojúkòkòrò wọ̀ ọ́. Ó lọ bá aṣojú àwọn tó ń kó ìrẹsì wọlé, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé ní gbogbo Ọjà'ba, òun nìkan ni wọn yóò máa já ìrẹsì fún. Ẹni tó bá fẹ́ tà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti rà á.

2.
Ó pe ìpàdé.

"Iye kan náà ni gbogbo wa yóò máa tà báyìí," ó ní. "Èmi ni màá sọ iye tó jẹ́. Èènì sì ti parí. Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé kòńgò, a ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Kúlúsúmù, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Nojeem, ló fèsì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin.

"Alága, ìrẹsì ti pọ̀. Kí ló dé tó fi fẹ́ wọ́n bíi ti ìgbà tí bódà wà ní títì?"

"Ìyá Nojeem, ẹ má bá wa ba ọjà jẹ́."

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́? Wọ́n ṣí bódà fún wa, ẹ̀yin wá ti ọjà mọ́ wa."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Muhydeen kọjú sí Kúlúsúmù.

"Ẹnu yín pọ̀ ju ìrẹsì yín lọ," ó sọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, tísà Lucy wá láti Yemetu láti ra ìrẹsì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rajà lọ́wọ́ Kúlúsúmù. Kúlúsúmù wọn kòńgò mẹ́ta fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹnì kan rí i, ó lọ sọ fún alága. Kó tó di ọ̀sán, àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Kúlúsúmù.

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, Alága!"

"A ti sọ ọ́ ní ìpàdé."

3.
Ọjọ́ mẹ́ta ni Kúlúsúmù fi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí kò lè wọ̀. Ọjọ́ kẹta ni tísà Lucy tún kọjá.

"Ìyá Nojeem, kí ló dé tí ẹ jókòó síta?"

"Èènì yín ló tilẹ̀kùn mọ́ mi, mà."

Tísà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí i pé ẹnì kan kò dínà ọjà mọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìrẹsì ti wọ Nàìjíríà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

Ní gbogbo àkókò yẹn, Muhydeen ń rà á kún un. Ó ti kó igba àpò pamọ́ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń dúró de Iléyá kó lè tà á wọ́n. Òrùlé yàrá náà ń jò. Àwọn alábàárù sọ fún un.

"Alága, omi ń kán sórí ìrẹsì o. Lójoojúmọ́ sì ni òmíràn ń wọ ìlú."

"Kó máa wọ ìlú. Ọ̀nà kan ló gbà wọ Ọjà'ba, èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

4.
Lọ́sẹ̀ kẹta, òṣìṣẹ́ méjì dé láti ọ́fíìsì. Wọn kò pariwo. Wọ́n bi ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè, wọ́n sì ní kí Muhydeen fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àgádágodo náà. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, kálukú lè ra ìrẹsì níbi tó bá wù ú, kó sì tà á ní iye tó bá wù ú.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn mẹ́wàá tó kù háyà ọkọ̀, wọ́n lọ ra tiwọn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Iye kòńgò já wálẹ̀. Èènì padà.

Nígbà tí Muhydeen ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀, òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ ti bu, kòkòrò ti wọ ti òkè. Ó bá àwọn oníbàárà àtijọ́ sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó rà á. Ó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n yan alága mìíràn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ṣíṣí bódà nìkan kò tó. Tí a bá ṣí ẹnubodè ìlú, tí a wá jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà, ìyà àná náà ni yóò máa jẹ wá. Ẹ̀yin tí ọjà bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ má dínà mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí wọ́n dínà mọ́, ẹ má dákẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Muhydeen mú àpò ọ̀rá wá sí ṣọ́ọ̀bù Kúlúsúmù.

"Ẹ bá mi wọn kòńgò kan, Ìyá Nojeem."

Kúlúsúmù wọ̀n ọ́n. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Muhydeen fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì gba ẹsẹ̀ òkè Màpó lọ sílé.