Ìrìn-àjò Kan àbí ti Ọdún Gbáko

Ojú èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe mẹ́rin láàárín èrò tó ń ra adójútòfò ìrìn-àjò ní pápákọ̀ òfuurufú, àyà mi sì ń lù kìkì.

Ẹ̀rọ tó ń tà á fún mi gbọ́ ọ. "Arábìnrin Mofẹ́olú, ìrìn-àjò kan ni àbí ti ọdún gbáko? Àmọ́ àyà yín ń sáré. A ò lè tà fún yín láìmọ ohun tó fà á, bàálù yín sì ti fẹ́ gbéra."

"Ooru ni," mo ní.

"Rárá o. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn ni. Kó kọ lẹ́tà pé òun ló fà á."

Gbogbo èrò yíjú sí i. Ó fi ìtìjú kọ ọ́, ó nà án sí ẹ̀rọ náà.

"Gbé e wá," màmá àgbà tó tò sẹ́yìn mi ní. "Ṣé irin ló máa ṣe alárinà ni?"

Màmá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un kà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bàálù mi."

"Ó ní gbogbo ibi tó o bá ń lọ lọ́dún yìí lòun fẹ́ bá ẹ dé. Ṣé kí n fún ẹ?"

"Ti ọdún gbáko ni o," mo sọ fún ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, màmá sì gbé lẹ́tà náà lé e.